Ọ̀nà mẹ́rin láti darí ẹgbẹ́ tó ń wá nọ́mbà práìmù ńlá: èwo ló bá ẹgbẹ́ yín mu?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹpútà kan nínú GIMPS, ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda tó ń wá práìmù ńlá, parí àyẹ̀wò 2^74207281 − 1, ó sì rí i pé práìmù ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìkìlọ̀ tó yẹ kí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń pín iṣẹ́ tó sì ń gba èsì) fi ránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìtọ́jú àkójọ èsì ní oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n tó rí i pé nọ́mbà práìmù tó tóbi jù lọ nígbà náà ti wà lọ́wọ́ àwọn láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: oṣù kẹrin 2009 ni ẹ̀rọ rí 2^42643801 − 1, oṣù kẹfà ni èèyàn tó rí i.

Bí iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ yìí ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó lọ́ra kì í ba iṣẹ́ jẹ́, ó kàn ń fà á gùn ni. Àkọsílẹ̀ tó lu ló ń bà á jẹ́: ta ló gba kí ni, kí ló dá padà, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè mẹ́ta yìí la fi gbé ọ̀nà mẹ́rin wọ̀nyí sórí ìwọ̀n.

(Práìmù ni nọ́mbà tó ju 1 lọ tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Àwọn ìwé ìṣirò kan ń pè é ní nọ́mbà àkọ́kọ́.)

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí àyẹ̀wò kan ṣe máa pẹ́ tó

Nọ́mbà Mersenne, ìyẹn 2^p − 1, ni àwọn tó ń lé ipò kìíní láyé ń wá. Èyí tí Luke Durant rí ní oṣù kẹwàá 2024, 2^136279841 − 1, ní díjíìtì 41,024,320, ọ̀pọ̀ káàdì GPU tó wà ní ibùdó sáfà káàkiri ló sì fi wá a. Ẹgbẹ́ èèyàn mẹ́wàá tó ní kọ̀ǹpútà ilé kò lè bá irú ìyẹn du ipò. Ti ẹgbẹ́ kékeré ni k·2^n − 1 tàbí k·2^n + 1, níbi tí k ti jẹ́ nọ́mbà kékeré tí 2 kò lè pín. LLR, ètò tí Jean Penné kọ, ló ń yẹ̀ wọ́n wò, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ n níbi tí agbára yín bá ká.

Bí ẹ bá sọ n di ìlọ́po méjì, àyẹ̀wò kan á gba ju ìlọ́po mẹ́rin àkókò lọ, nítorí pé ìgbésẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tún wúwo ju ìlọ́po méjì lọ. Ìrètí pé nọ́mbà kan jẹ́ práìmù sì dín kù sí ìdajì. Nítorí náà, práìmù kan ní n = 2,000,000 máa ná yín ní iṣẹ́ tó lé ní ìlọ́po mẹ́jọ ti n = 1,000,000. Ẹni tó bá ní kí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti n tó lé díẹ̀ ní 3,321,900, kí práìmù lè pé mílíọ̀nù díjíìtì kan, kó kọ́kọ́ ṣírò èyí fún àwọn yòókù.

Ní n = 1,000,000, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gbogbo èyí tó ní olùpín tí kò tó 10^12 kúrò, nǹkan bí ọ̀kan nínú 14,000 tó kù ló máa jẹ́ práìmù. Ká ní àyẹ̀wò kan ń gba ìṣẹ́jú 3, tí kọ̀ǹpútà sì jẹ́ 10: ìṣẹ́jú 42,000 tí a pín sí 10 jẹ́ 4,200, ìyẹn wákàtí 70. Ìpíndọ́gba lásán ni o. Lẹ́yìn àyẹ̀wò 14,000, bí 37 nínú 100 ìgbà lẹ ò ní tíì rí nǹkan kan. Ẹ sọ èyí fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ọ̀pọ̀ ń rò pé ẹ̀rọ àwọn ti bàjẹ́ ni, wọ́n á sì rọra lọ.

Ọ̀nà mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Pípín fáìlì lọ́wọ́ | Sáfà kékeré (LLRnet, PRPnet) | Sáfà BOINC | Dídara pọ̀ mọ́ GIMPS tàbí PrimeGrid |
|---|---|---|---|---|
| Iye èèyàn | 2 sí 10, tí wọ́n mọra | 5 sí 60 | ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àjèjì pọ̀ | iye yòówù |
| Gígùn àyẹ̀wò kan | ìṣẹ́jú dé ọjọ́ | ìṣẹ́jú dé wákàtí díẹ̀ | wákàtí dé ọjọ́ | àwọn ló ti pinnu |
| Ẹni tó ń ṣọ́ gbèdéke | alákòóso | sáfà | sáfà | sáfà tiwọn |
| Ẹni tó ń yan nọ́mbà | ẹ̀yin | ẹ̀yin | ẹ̀yin | àwọn |
| Ohun tó sábà ń bàjẹ́ | ẹni tó gba ìpín dákẹ́ | sáfà kú láìní ẹ̀dà | alábòójútó kan ṣoṣo rẹ̀ ẹ́ | ẹgbẹ́ yín kò ní orúkọ tirẹ̀ |

Pípín fáìlì lọ́wọ́

Ọ̀nà àtijọ́ ni, ó sì ṣì dára gan-an fún èèyàn díẹ̀. Alákòóso á ní fáìlì kan ṣoṣo tó ti gba inú asẹ́ kọjá (asẹ́ ni ètò tó ń yọ àwọn nọ́mbà tó ní olùpín kékeré kúrò kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀), á gé e sí ìpín-ìpín, á sì gbé àtẹ kan síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i: orúkọ, n ìbẹ̀rẹ̀, n ìparí, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, iye ìlà tó wà nínú ìpín náà, ọjọ́ tí èsì dé.

Iye ìlà yẹn ni ọ̀pọ̀ àtẹ kì í ní, òun gan-an sì ni ẹ̀rí. Bí ìpín kan bá ní ìlà 412, fáìlì lresults.txt tó ń padà bọ̀ gbọ́dọ̀ ní èsì 412. Bó bá jẹ́ 409, mẹ́ta ti bọ́ síbì kan, bóyá kọ̀ǹpútà kú láàárín iṣẹ́, bóyá wọ́n gbé fáìlì láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn tí òpin rẹ̀ sì gé. Ẹ má gba "mi ò rí nǹkan kan" bí èsì. Fáìlì náà lódindi lẹ fẹ́, torí àṣẹ́kù RES64 tó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan (apá ìparí àbájáde ìṣirò náà) ni ẹ máa fi wé àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ iwájú. Àṣẹ́kù méjì láti ẹ̀rọ méjì tó bá dọ́gba, iyèméjì ti tán lórí nọ́mbà yẹn.

Ìpín tó tọ́ ni èyí tí ẹ̀rọ ẹni náà lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìpín oṣù mẹ́ta ń wu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ìtara oṣù kìíní kì í sábà dé oṣù kẹta. Òfin tó rọrùn: ọjọ́ 30 láìsí ìròyìn, alákòóso kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ 7 mìíràn láìsí èsì, ìpín padà sínú agbọ̀n. Ẹ kọ òfin yìí sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹnì kan dákẹ́, ó máa dà bíi pé torí tirẹ̀ lẹ ṣe ṣòfin.

Àṣìṣe tó ń dunni jù níbí wà lórí ìlà àkọ́kọ́ fáìlì asẹ́. Ìlà yẹn ló ń sọ fún LLR irú nọ́mbà tó fẹ́ yẹ̀ wò. Nínú fáìlì NewPGen, ọ̀kan lára àwọn ètò asẹ́, lẹ́tà M dúró fún −1, P dúró fún +1. Ẹni tó bá fọwọ́ gé fáìlì, tí ìlà náà bọ́, tó sì tún un kọ láti orí, tó wá fi P síbi tó yẹ kí M wà, á lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí àwọn nọ́mbà tí kò gba inú asẹ́ kankan kọjá. Ẹ jẹ́ kí ètò kékeré kan máa gé fáìlì, kó máa da ìlà àkọ́kọ́ kọ sórí ìpín kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹni tuntun tó gba ìpín, kó kọ́kọ́ yẹ 2^1398269 − 1 wò, práìmù àkọ́kọ́ tí GIMPS rí, ní ọdún 1996. Ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé práìmù ni. Bó bá sọ ohun mìíràn, ooru ti pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ náà, tàbí RAM rẹ̀ ní àbùkù, tàbí ẹni tó ni ín ti mú un sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ.

Sáfà kékeré

Níbí, kò sẹ́ni tó nílò láti rántí ohunkóhun. Ètò tó wà lórí ẹ̀rọ ọmọ ẹgbẹ́ á béèrè iṣẹ́, á ṣe é, á dá èsì padà, á tún béèrè. LLRnet ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì lásán: knpairs.txt fún èyí tí kò tíì jáde, joblist.txt fún èyí tó wà lóde. PRPnet ń lo dátábéèsì, ó sì dára jù nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ń pọ̀, torí ẹ lè bi í léèrè pé nọ́mbà wo ló ti pẹ́ jù lóde, lọ́wọ́ ta ni.

Ẹ ṣọ́ iye iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kan lè kó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá kó 500 sẹ́nu, tó wá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ ìrìn àjò, ti ti 500 nọ́mbà mọ́lé títí gbèdéke á fi pé. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ti tó. Gbèdéke náà kò gbọ́dọ̀ kúrú jù: ẹ mú àkókò tí ẹ̀rọ tó lọ́ra jù yóò fi parí gbogbo ohun tó kó, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kó má sì dín ní ọjọ́ méjì. Gbèdéke kúkúrú ń mú kí nọ́mbà kan náà lọ sọ́wọ́ ẹlòmíì nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn á sì ṣòfò. Ìjà tó ń tìdí èyí yọ máa ń pọ̀ ju ohun tó sọnù lọ.

Àyẹ̀wò tó kúrú jù náà ní ìyà tirẹ̀. Bí core (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) 200 bá ń ṣiṣẹ́ tí àyẹ̀wò kan sì ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 20, ìbéèrè mẹ́wàá ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Sáfà tó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé kò ní pẹ́ tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti gba èsì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa gba ogún lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ẹ gbé n sókè.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀dà ìpamọ́. Seventeen or Bust bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 láti fi hàn pé kò sí nọ́mbà Sierpiński (k tí 2 kò lè pín, tí k·2^n + 1 kì í sì í jẹ́ práìmù láé) tó kéré ju 78557 lọ. Iye k mẹ́tàdínlógún ló kù fún wọn láti rí práìmù fún, wọ́n sì yanjú mọ́kànlá. Ní ọdún 2016 ni sáfà wọn lọ, ẹ̀dà ìpamọ́ bá a lọ, iṣẹ́ náà sì dúró. Lọ́wọ́ PrimeGrid ni ìkejìlá ti jáde ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà: 10223·2^31172165 + 1, díjíìtì 9,383,761. Ẹ̀dà tó bá wà lórí ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú sáfà kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹ dà á kọ lójoojúmọ́ sórí ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, kí ẹ sì gbìyànjú láti jí sáfà dìde láti inú ẹ̀dà náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ̀dà tí ẹ kò tíì ṣí rí, ẹ kò mọ̀ bóyá fáìlì òfìfo ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi práìmù kan tí gbogbo ayé ti mọ̀ há àárín iṣẹ́ tí sáfà ń pín, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìkìlọ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ èèyàn méjì ó kéré tán, láti ọ̀nà méjì tó yàtọ̀, ẹ tún un ṣe kó tó di pé práìmù gidi dé.

BOINC

Ilé ẹ̀kọ́ gíga University of California ní Berkeley ni wọ́n ti kọ BOINC, ètò tó ń pín iṣẹ́ ìṣirò fún kọ̀ǹpútà àwọn olùyọ̀ǹda, SETI@home, iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ tó ń wá àmì ẹ̀dá olóye lójú ọ̀run, ló sì sọ ọ́ di mímọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó ti ní ètò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pọ̀, wọ́n lè darapọ̀ mọ́ yín láìṣe wàhálà. Lọ́dọ̀ yín ni wàhálà wà. Ẹ nílò Linux, dátábéèsì MySQL tàbí MariaDB, ojú-ewé PHP, àti ọ̀wọ́ ètò tó gbọ́dọ̀ wà lójúfò ní gbogbo ìgbà: ọ̀kan ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan ń gbé e síwájú, ọ̀kan ń ṣọ́ ipò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń fi èsì méjì wéra, ọ̀kan ń kó èyí tó yege wọlé. Bí ọ̀kan bá kú ní òru, àwọn yòókù á máa ṣiṣẹ́ bíi pé nǹkan kan kò ṣe, àfi ìgbà tí iṣẹ́ bá tán pátápátá kí ẹ tó mọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń fọwọ́ sí ètò tí ẹ̀rọ àwọn èèyàn máa gbà, ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà tí kò wọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹni tó bá jí kọ́kọ́rọ́ yẹn lè gbé ètò tó bá wù ú sínú gbogbo ẹ̀rọ tó fọkàn tán yín.

Ohun tí BOINC fi ju sáfà kékeré lọ ni bó ṣe ń bá àjèjì lò. Ó lè fún èèyàn méjì ní nọ́mbà kan náà, kó fi àṣẹ́kù wọn wéra, kó sì wá ẹni kẹta bí wọn kò bá dọ́gba. Ìdajì agbára ẹgbẹ́ ni èyí ń jẹ. Àmì ẹ̀yẹ náà ń fa ọ̀rọ̀: ọ̀pọ̀ tó wà lórí BOINC ń ka àmì wọn lójoojúmọ́, bí àmì tí ẹ ń fún iṣẹ́ gígùn kò bá bá àkókò rẹ̀ mu, èyí tó kúrú ni gbogbo wọn máa yàn. Bí ẹ kò bá ní èèyàn méjì tó lè tọ́jú sáfà yìí, tí ọ̀kan lè sùn kí èkejì máa ṣọ́ ọ, ẹ fi BOINC sílẹ̀.

Dídara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ti wà

George Woltman ló dá GIMPS sílẹ̀ ní ọdún 1996. Ètò Prime95 (mprime lórí Linux) ló ń gba iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ sáfà PrimeNet. PrimeGrid ní oríṣiríṣi ìwádìí, BOINC ló sì ń lò. Níbi méjèèjì, ẹ lè kóra jọ lábẹ́ orúkọ kan, kí ẹ má sì tọ́jú sáfà kankan.

Iṣẹ́ yín tó kù ni pé kí ẹ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó bá a mu. Ní GIMPS, káàdì GPU lè fi mfaktc wá olùpín kéékèèké. Olùpín 2^p − 1 gbọ́dọ̀ rí bíi 2kp + 1, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi ń yá. Ẹ̀rọ tó ní RAM púpọ̀ dára fún P−1, ọ̀nà mìíràn láti wá olùpín. Ẹ̀rọ tó yára tó sì dúró ṣinṣin ni kẹ́ ẹ fún ní àyẹ̀wò PRP àkọ́kọ́ (èyí tó ń sọ bóyá nọ́mbà jọ práìmù), tó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí kọ̀ǹpútà ilé. Ẹ má fi àyẹ̀wò mẹ́rin sórí core mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà bí ìsọfúnni wọn kò bá lè wọ inú cache (ibi ìpamọ́ kékeré tó yára nínú ẹ̀rọ): FFT (ọ̀nà tí ètò fi ń sọ nọ́mbà ńlá di ìlọ́po) 1024K ń gba nǹkan bíi MB 8, mẹ́rin jẹ́ MB 32, cache MB 16 kò lè gbà á. Àyẹ̀wò kan tí core mẹ́rin jọ ń ṣe á yá jù.

Owó náà wà níbẹ̀. EFF ya $150,000 sọ́tọ̀ fún práìmù àkọ́kọ́ tó bá pé mílíọ̀nù 100 díjíìtì (p tó lé ní 332,000,000), GIMPS sì ń fún ẹni tó rí práìmù Mersenne tuntun tí kò tó bẹ́ẹ̀ ní $3,000. Orúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń jáde. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, ẹ kọ bí ẹ ṣe máa pín in sílẹ̀ nísinsìnyí tí kò tíì sí nǹkan kan láti pín.

Iṣẹ́ wo ni ẹ lè gbé fún àjèjì?

Asẹ́ àti àyẹ̀wò kò gba ìfọkàntán kan náà. Ẹni tó bá ní òun rí olùpín nọ́mbà kan, ẹ lè wádìí rẹ̀ kíá: ẹ pín in, ó tán. Olùpín tó bá fò, àyẹ̀wò kan tí ẹ ì bá má ṣe ló kàn ná yín. Ẹ lè gbé asẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé nọ́mbà kan kì í ṣe práìmù, kò sí ohun tó fi hàn ju àṣẹ́kù rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ pín asẹ́, ẹ pín ààlà olùpín, ẹ má pín n. Ọ̀kan gba 10^12 dé 2×10^12 lórí gbogbo n, òmíràn gba èyí tó tẹ̀ lé e. Fún k kan náà, àkókò asẹ́ ń bá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì ti fífẹ̀ n lọ. Bí èèyàn mẹ́wàá bá gé n sí mẹ́wàá, tí kálukú ń sẹ́ tirẹ̀, àpapọ̀ iṣẹ́ wọn á tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ kó jẹ́. Láti 10^12 dé 10^13, nǹkan bí 7.7 nínú 100 ló máa bọ́. Ẹ dúró nígbà tí àkókò tí asẹ́ ń gbà láti yọ nọ́mbà kan bá ti tó àkókò àyẹ̀wò kan.

Ní ti àyẹ̀wò, láti ọdún 2017 ni ọ̀nà tí Robert Gerbicz mú wá ti ń jẹ́ kí PRP mọ̀ láàárín iṣẹ́ pé ẹ̀rọ ti ṣìṣe, kó sì padà sẹ́yìn láti tún un ṣe. Láti ọdún 2020 ni GIMPS àti PrimeGrid ti ń gba ẹ̀rí pẹ̀lú èsì, tí ẹlòmíì lè fi wádìí rẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó 1 nínú 100 iṣẹ́ náà. Bí ètò yín bá ní méjèèjì, ẹ kò nílò láti ṣe gbogbo nọ́mbà lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá ní in, ẹ tún ogún èsì àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe lórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ̀rọ tó bá ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, asẹ́ nìkan ni kó máa ṣe.

Nígbà tí práìmù bá yọjú

PRP tó ní "ó jọ práìmù" kò tíì fi hàn pé práìmù ni. Fún k·2^n + 1, ẹ fi àyẹ̀wò Proth ṣe é. Fún k·2^n − 1, LLR ni. Fún Mersenne, Lucas-Lehmer. Ẹ tún un ṣe lórí ẹ̀rọ mìíràn, pẹ̀lú ètò mìíràn: PFGW pẹ̀lú -t fún +1, pẹ̀lú -tp fún −1. Ẹ má kéde rẹ̀ kí èsì kejì tó dé. Bó bá tóbi tó láti wọ àkójọ práìmù 5,000 tó tóbi jù lọ, orúkọ ẹni tó rí i àti àwọn ètò tó sẹ́ ẹ tó sì yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, nítorí náà àtẹ yín gbọ́dọ̀ lè sọ irú asẹ́ tí apá n yẹn gbà kọjá, àní bó bá ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti sẹ́ ẹ.